Ìdágbére fún Dókítà Ìgbẹ́

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú aráfẹ́rakù. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí àga ò kàn, ẹ kú ìdúró.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n olóògbé. Ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́: òun ń kó ìgbẹ́, èmi ń po oúnjẹ. Dókítà Ìgbẹ́ la máa ń pè é. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sára bàtà òjò rẹ̀.

Láràárọ̀, agolo oògùn apakòkòrò àrùn kan ni mò ń dà sínú àpò oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́dẹ̀ ò ṣàìsàn o. Ara wọn le ju tèmi lọ. Ọ̀gá ní ká máa fún wọn kí àìsàn má baà rántí wọn ni.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí wọ́n ń nà lójoojúmọ́, ṣé ẹgba ṣì ń bà á lẹ́rù? Oògùn yín ti di oúnjẹ àárọ̀ fún kòkòrò inú ìfun wọn."

Mo ní, "Ìwé mẹ́fà péré lo kà."

Ó ní, "Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló yé mi."

Ló bá rọ ìgbẹ́ sínú ike, ó gbé e lọ sílé àyẹ̀wò. Akọ̀wé ibẹ̀ bi í pé ta ló ni ín. Ó ní, "Ẹlẹ́dẹ̀ kẹrìnlá ni. Ó ní kí n kí yín."

Oògùn márùn-ún ni wọ́n fi dán kòkòrò náà wò. Mẹ́rin ò rí i pa. Àbúrò mi gbé èsì náà síwájú Ọ̀gá. Ọ̀gá gbé ife tíì lé e.

Lóṣù tó kọjá, ṣọ́bìrì ya á lẹ́sẹ̀. Ọgbẹ́ náà ò ju èékánná lọ. Nílé ìwòsàn, wọ́n lo oògùn kìíní, wọ́n lo ìkejì, wọ́n lo ìkẹta. Kòkòrò inú ọgbẹ́ náà ò mira. Dókítà tòótọ́ béèrè pé, "Níbo ló ti kó irú èyí?" Àbúrò mi rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ló ń bọ́ wọn."

Ọ̀gá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ọlọ́run ò bu agolo kankan. Èmi ni mo bù ú, ẹ̀yin lẹ ní kí n bù ú. Ẹlẹ́dẹ̀ tó pàfọ̀ tán, ẹni rere ló ń wá tí yóò fi ara yí. Ẹ má fi ẹrẹ̀ yín yí Ọlọ́run lára.

Láti àná lẹ ti ń wá agolo tí mo fi ń bu oògùn. Ẹ má wá a mọ́. Ó wà nínú pósí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tí ṣọ́bìrì ya. Mo mọ̀ pé agolo ò wọ́n. Ọwọ́ tí yóò bu oògùn lọ́la lẹ máa wá. Tèmi kọ́.

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ṣé tiyín ni? Mi ò gbọ́. Ẹ tún un sọ, kí ẹni tó jókòó níwájú gbọ́.

Ẹ ṣeun.

Àbúrò mi, máa lọ ire. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó o bá wọn jẹ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé ta ló ni agolo, sọ pé ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni.

Sọ fún wọn pé ó ti jáwọ́.