Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún Màmá

Rárá o, Dókítà, mi ò jókòó. Ẹ má fi àga lọ̀ mí. Ẹjọ́ ni mo gbé wá, ẹjọ́ yín gan-an, bí mo bá sì jókòó, inú mi á rọ̀, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀ lónìí! Ẹ wo ọmọ tó jókòó síta níbẹ̀ yẹn, tó ń ṣí ìwé ìròyìn bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àbúrò mi ni. Àbíkẹ́yìn wa. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo nu ikun imú rẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Ẹ̀yin wá mú ojú ìyá mi tó ti kú, ẹ gbé e lé e lọ́rùn!

Ẹ ní òun ló bẹ̀ yín. Mo mọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ bí àwo, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò légungun. Mi ò bá a jà torí pé ó fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tí orí rẹ̀ kò bá fún, tí dókítà lè fún, kó gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù tó ń wá síbí, ṣebí àwòrán òṣèré ni wọ́n ń mú wá? Wọ́n á ní, "Dókítà, irú ti lágbájá ni kí ẹ ṣe fún mi." Tiwa mú àwòrán egungun orí Màmá wá, èyí tí wọ́n yà nílé ìwòsàn nígbà tí Màmá yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá ló ti yọ ọ́, kò sọ fún ẹnì kankan. Ẹ̀yin náà sì gbà á! Ẹ fi kọ̀ǹpútà wò ó, ẹ gé rọ́bà líle ní ìwọ̀n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá wa, ẹ la inú ètè ọmọ, ẹ tì í wọlé, ẹ fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́ egungun bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ ò bi ara yín pé àwọn ará ilé ńkọ́?

Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì wú, kò sí wàhálà. Ó dà bí ẹni tí oyin ta, a rẹ́rìn-ín, ó parí. Àfìgbà tí wíwú náà lọ sílẹ̀. Mo wà nínú ilé ìdáná Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo ṣí ìkòkò, mo fọwọ́ mú ẹran kan ṣoṣo. Mo gbọ́ ẹsẹ̀. Mo yíjú padà. Dókítà! Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà! Èmi, ọ̀gá ilé ìwé, tí àwọn ọmọ ń pè ní Kìnnìún, tí mo bá kàn húkọ́ lásán, gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́, mo dá ẹran padà sínú ìkòkò, mo nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, mo ní, "Ẹ káàsán, mà." Mà! Sí ọmọ tí mo pọ̀n! Ẹ ò gbọ́ ohun tó fi dá mi lóhùn? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti fọwọ́?"

Ọkọ mi ńkọ́? Ó nà gbalaja sórí àga Màmá ní pálọ̀ Bàbá, ó gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì. Ọmọ yìí kàn wọlé ni. Ọkọ mi sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó fa bẹ́líìtì pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ibi tó sùn lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, tí ẹnì kankan kò sì bi í! Ìyẹn ẹjọ́ mìíràn. Èmi àti òun la máa jókòó sí i.

Ó sì ń lò ó o! Ẹ ti fún un ní ẹ̀rọ, ó ti mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Bàtà tuntun mi tí n kò tíì wọ̀ rí, ó wò ó, ó wá wò mí. Kò bẹ̀bẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo lọ gbé e jáde nínú páálí. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ níta yẹn. Òun nìyẹn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, Dókítà. Mo rí yín.

Ká ní tèmi nìkan ni, ǹ bá gbà. Bàtà á lọ, bàtà á bọ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá wa ló gbé mi dé ibí, kí n lè ní kí ẹ yọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn kúrò. Látìgbà tí Màmá ti lọ, gbangba ni Bàbá ti ń fín aṣáà, torí kò sí ẹni tó máa bá wọn wí mọ́. Bí ọmọ yìí ṣe wọlé, wọ́n ki agolo aṣáà sábẹ́ itan. A rẹ́rìn-ín, a rò pé eré ni. Àmọ́ wọ́n ń wò ó, wọ́n ń wò ó, bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Látọjọ́ náà, bí ọmọ yìí bá ti wà ní pálọ̀, Bàbá kì í jáde. Mo lọ bá wọn. Mo ní, "Bàbá, ọmọ yín ni, kì í ṣe òkú." Wọ́n ní àwọn mọ̀, ojú àwọn kò tíì fọ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Kí ni mo ṣe fún ìyá yín? Ó ń bínú sí mi."

Ẹ gbọ́ mi, Dókítà. Màmá kò bínú sí Bàbá rí! Wọ́n a máa pariwo, bẹ́ẹ̀ ni, àwọn aládùúgbò á gbọ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú gan-an, agolo aṣáà yẹn náà ni wọ́n ń bá Bàbá jà sí, Bàbá sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbínú? Láéláé! Kí lẹ wá fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn? Èmi náà ń wò ó, ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Ó jọ Màmá títí, àfi bí ẹni pé wọ́n ti Màmá mọ́ inú ilé.

Kí nìyẹn? Agbárí oníke tẹ́ ẹ gbé sórí tábìlì yìí, àwòrán yẹn lẹ fi ṣe é, orí ìyá mi nìyẹn? Háà. Ẹ gbé e wá. Ẹ jẹ́ kí n... Wọ́n kéré o. Nígbà tí wọ́n ń bá wa wí, mo rò pé orí wọn tóbi ju èyí lọ.

Kí lẹ wí? Ẹ tún un sọ. Ẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wọn ga ju ti òsì lọ, ẹ̀yin wá bá wọn gé e kí méjèèjì lè dọ́gba? Pé dídọ́gba ni ẹwà? Pé kí n tilẹ̀ dúpẹ́? Yéè! Olè! Ẹ̀yin ará ilé ìwòsàn, ẹ gbà mí o, dókítà yìí ti ja wá lólè!

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún yẹn ni Màmá! Bó ṣe ga yẹn ló ń ti ojú wọn sókè, tó ń fa igun ẹnu, débi pé bí wọ́n bá ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí wa, apá òsì ń nà wá, apá ọ̀tún ń bẹ̀bẹ̀ fún wa. Apá ọ̀tún ni gbogbo wa ń wò! Bí wọ́n bá ní, "Jáde nílé mi!" a ó wo ọ̀tún, a ó mọ̀ pé oúnjẹ wa ti wà nínú àwo. Látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ọwọ́ ọ̀tún Màmá ni Bàbá ń jókòó sí. Ẹ wá gé alágbàwí wa kúrò, ẹ fi adájọ́ méjì sílẹ̀ fún bàbá arúgbó! Ẹ ní ẹ ń tún ojú ṣe!

Mi ò ní kí ẹ yọ ọ́ mọ́. Mo ti yí ẹjọ́ padà. Ìwọ! Ìwọ oníbàtà! Wọlé wá. Gbé ojú sókè. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, má wò mí, mo ní dúró jẹ́ẹ́! Dókítà, ẹ wo àtàǹpàkò mi. Mo fi sí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún báyìí, mo tì í sókè, díẹ̀, díẹ̀ sí i... Ó tó. Ẹ wò ó. Ẹ wò ó! Háà-há-há! Màmá! Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!

Ẹ má dúró, Dókítà, ẹ mú ohun ìwọ̀n yín wá kí ọwọ́ mi tó yẹ̀. Ibi tí àtàǹpàkò mi dé yìí ni kí ẹ gbé e dé, kó má lé, kó má dín. Bí ẹ bá tún fi dọ́gba, màá gbé Bàbá wá síbí tàwọn ti agolo wọn, wọ́n á jókòó tì yín, wọ́n á máa fín aṣáà, ẹ̀yin náà á máa sín tẹ̀yin tọ̀bẹ!

Kí lo wí, ọmọ yìí? Kí n jókòó? Ta lò ń sọ fún? Èmi tí mo pọ̀n ẹ́, tí mo... Ó dáa. Ó dáa, mà. Mo ti jókòó.