Ihò Tí Mo Lu Sí Kòtò Wartini

Ẹ̀yin obìnrin òkè Pujon, ẹ gbé kọfí yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pé ọdún mẹ́sàn-án nínú mi, kò sì gbọdọ̀ bá mi wọ sàréè. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Èmi Rukinem ni mò ń sọ̀rọ̀. Ta ni ò mọ̀ mí? Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí koríko gbẹ láti orí òkè dé etí odò, màlúù ta ló ń mú wàrà wá bí ẹni pé òjò ṣì ń rọ̀? Tèmi ni! Èmi ni mo kọ́kọ́ gé pòròpórò àgbàdo wẹ́wẹ́ níbí, tí mo wọ́n omi ìrèké dúdú sí i, tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́nú kòtò, tí mo fi ọ̀rá dì í pa títí ó fi kan, kí màlúù lè rí i jẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ má retí kí n rẹ ara mi sílẹ̀ lórí ìyẹn. Ẹ sì mọ àṣà wa: àgbà ló ń kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ kòtò tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, òun ló ń sọ bóyá kí màlúù jẹ ẹ́ tàbí kí wọ́n dà á nù. Èmi ni àgbà náà. Ohun tí mo bá sọ, abẹ gé.

Wartini tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ kòtò yìí. Màlúù kan ṣoṣo ni ọkọ ẹ̀ kú fi sílẹ̀ fún un. Lọ́dún kejì tó ń ṣe é, mo ki ọwọ́ bọ kòtò ẹ̀, ó ń ta sánsán bíi tápé tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe fún ọdún. Ẹnì kan nínú yín ní, "Ìyá àgbà, ọmọ yìí mà ti gbà á lọ́wọ́ yín o!" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ń hó.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a péjọ láti bá a tẹ kòtò. Nígbà tí ẹ jáde lọ jẹ ìrẹsì àti tẹ́ńpè, mo ní ẹ jẹ́ kí n tún etí ọ̀rá ṣe. Ẹnu dòjé mi ni mo fi lù ú níhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ihò mẹ́rin. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ á wọlé, á sì ba oúnjẹ màlúù náà jẹ́. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Ọkọ mi Karso, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, rí ìjákù ọ̀rá lẹ́nu dòjé nígbà tí mo délé. Ó ní, "Rukinem, kí lo gé?" Mo ní, "Jẹun ẹ, jàre." Ó jẹun ẹ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan títí ó fi kú.

Ọjọ́ tí a ṣí kòtò, màlúù Wartini ti lóyún. Mo ki ọwọ́ bọ kòtò. Ó gbóná, ó ti bu, ó funfun bí òwú. Wartini lóṣòó tì mí, ó ní, "Màmá, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ká dà á nù?" Kòtò tèmi kún, mo lè bù fún un. Àmọ́ tí wọ́n bá dà á nù, wọ́n á rí ihò. Mo bá ní, "Ojo lásán-làsàn! Funfun yẹn ò ṣe nǹkan kan. Fún màlúù ẹ jẹ." Ó fi iwájú orí kan ọwọ́ mi, ó ń dúpẹ́. Háà, Rukinem, ìkà èèyàn! Lọ́jọ́ kẹfà, oyún wálẹ̀. Lọ́jọ́ keje, màlúù kú. Wartini ń sunkún pé, "Ẹsẹ̀ mi ni ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Mo sì la ẹnu mi, mo ní, "Ṣé gbogbo èèyàn ló lè ṣe é ni?"

Láti ìgbà náà, kíkó ìgbẹ́ màlúù onímàlúù ni Wartini fi ń jẹun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú abo màlúù wá fún un, ó kọ̀ ọ́. Mo gbọ́ ọ létí ara mi: "Ẹ mú un lọ, ọwọ́ mi ń pa ẹran." Mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, tí ẹni tí ẹ kọ́ bá mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ, ẹ yọ̀, ògo yín ni. Èmi ò yọ̀. Èmi Rukinem kì í bẹ̀bẹ̀, ẹ bi àwọn ọmọ mi. Àmọ́ mo ń bẹ̀bẹ̀ lónìí. Wartini, ọwọ́ ẹ ò pa ẹran kankan. Èmi ni mo pa á. O mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ, o sì mọ̀ ọ́n ṣe títí di òní. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, gbójú sókè, wò mí.