Bàbá Fẹ́mi Ò Dití, Èmi Ni Mi Ò Gbé Bírììjì Síbi Tó Yẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi. Inú mi ń dùn, inú mi ń dùn gan-an ni, bí kí n máa fò ló ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n ìdùnnú yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sinmi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, bàbá àgbà kan máa jó lọ síwájú ìjọ, á máa dúpẹ́ nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Nígbà tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ káfíńtà kan ní Ìkẹ́nnẹ́ tó ń ṣe gìtá oníná. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Ìyàwó Pákó làwọn ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù ń pè mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí, mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju oúnjẹ lọ.

Gìtá àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi ní kí n dá ṣe, Bàbá Fẹ́mi ló ni ín. Òde Rẹ́mọ ni bàbá yẹn ń gbé. Kí wọ́n tó bí mi ló ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Ọ̀gá mi kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Kọ́kọ́ jẹ́ kí ọrùn jókòó dáadáa o. Ọrùn ló máa sọ ibi tí bírììjì máa wà." Bírììjì ni irin tó di wáyà mú lára ikùn gìtá. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n tò sọ́rùn gìtá. Láti ibi tí wáyà ti bẹ̀rẹ̀ lókè dé irin kejìlá, àti láti irin kejìlá yẹn dé bírììjì, ó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tí ò bá dọ́gba, gìtá máa parọ́.

Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin yẹn rí i pé ọwọ́ mi yá. Mo kàn gbé ọrùn lé e, mo wọ̀n ọ́n, mo lu ihò, mo de bírììjì mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé ọrùn ò tíì wọ kòtò rẹ̀ dáadáa. Mo tún kòtò yẹn gbẹ́. Ọrùn wọlé, ṣùgbọ́n ó wọlé jù. Ó ti fi bíi fífẹ̀ pẹ́ńsùlù sún mọ́ bírììjì ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo rí i. Mo so wáyà mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Lápá òkè ọrùn, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n tọ́wọ́ bá ti ń bọ̀ níbi tí ohùn ti ń ga, gìtá yẹn á máa ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí Bàbá wá gbé e, ọ̀gá mi ti lọ kan ìlẹ̀kùn ní Símáwà, iná ò sì sí tá a lè fi dán an wò. Bàbá kàn fọwọ́ ra á lára, ó ṣàdúrà fún mi, ó lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọ kúáyà á ní, "Bàbá, gìtá yín ti dé Ṣàgámù o, àwa ṣì wà ní Òde!" Ló bá padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi nìkan ló bá.

"Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe gìtá yìí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kò sí nǹkan tó ń ṣe é o, Bàbá. Àbí etí yín ló fẹ́ sinmi?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. A ti lò ó pẹ́."

Ó gbà mí gbọ́. Ìyẹn ló ń pa mí. Kò ta gìtá mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé kì í kọrin sókè mọ́ pàápàá, kó má baà ṣi ohùn gbé. Tí kẹ̀kẹ́ bá fun fèrè lójú títì, ohùn burúkú yẹn ni mò ń gbọ́. Mo ń fá pákó, ohùn yẹn. Mo kúnlẹ̀ àdúrà, ohùn yẹn.

Lóṣù tó kọjá, Bàbá gbé gìtá náà wá pé ká bá òun wá ẹni tó máa lò ó. Ó ní gìtá kì í ṣe nǹkan à ń so mọ́ ògiri. Bó ṣe lọ ni mo tú bírììjì. Mo fi igi àti gọ́ọ̀mù dí àwọn ihò àtijọ́, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tún un wọ̀n, mo sún un sẹ́yìn. Nígbà tí Bàbá padà wá, èmi nìkan ló tún bá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ta á lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó ń ta á bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tí ohùn ti ń ga. Ó dúró. Ó tún un ta. Ló bá figbe ta: "Olúwa ti là mí létí!" Ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún, a jọ ń jó nínú èérún pákó. Mi ò yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo la ẹnu, orin ló jáde.

Ó ti padà sídìí gìtá báyìí. Ó ti sọ fún pásítọ̀, Sọ́ńdè ló fẹ́ jẹ́rìí. Ó ní dandan ni kí n dúró ti òun. "Ìwọ lo ní kí n dán an wò. Ọlọ́run ló rán ẹ." Inú mi dùn, ẹ̀rù ń bà mí. Ohùn burúkú yẹn ti kúrò nínú gìtá, kò kúrò létí mi.

Tí mo bá sọ ọ́, mo ti ba ọpẹ́ bàbá jẹ́, ọ̀gá mi sì lè lé mi. Tí mi ò bá sọ ọ́, bàbá máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lójú gbogbo èèyàn pé òun dití. Kò dití rí. Etí ẹ̀ gbọ́ ọ, ó bi mí, mo parọ́ fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, Sọ́ńdè ti sún mọ́lé. Kí ni kí n ṣe?