Àbúrò Yín Gba Eegun Lẹ́nu Bàbá Mi

Ìyá Adéṣọlá, ẹ má bu omi fún mi, mi ò mu omi, láti Bódìjà ni mo ti ń dá sọ̀rọ̀ bọ̀, gbogbo èrò inú takisí ló ń wò mí bíi wèrè títí a fi dé Challenge níbí! Ẹjọ́ àbúrò yín ni mo bá wá. Adégbìtẹ́! Ẹ ò rí i, mo pe ọkọ mi lórúkọ gbàgàdà. Ẹ bi mí léèrè ohun tó fà á.

Ó gba eegun lẹ́nu bàbá mi. Mo ní lẹ́nu! Bàbá mi, Díákónì Ògúntúndé, tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wò wá ní Sátidé, tí mo gúnyán fún, tí mo ṣa eegun tí mùdùnmúdùn kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú sí ọbẹ̀ wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sẹ́nu kí wọ́n fà á mu, ni ọkọ mi bá na àwo sí wọn: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ọ, mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ni.” Iṣẹ́ wo? Ṣé ajá ni?

Rárá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí ní Yunifásítì ni mi ò ti gbádùn mọ́. Eegun màlúù ló ń kó wálé. Á máa sun ún lẹ́yìnkùlé títí á fi funfun, èéfín á gba gbogbo àdúgbò, àwọn ará ilé kejì á máa bi mí pé kí la ń sun. Ọlọ ata mi ló fi ń lọ̀ ọ́! Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní háídírọ́síápátáìtì ni. Orúkọ tí èèyàn ò lè pè láì gbé itọ́ mì! Ó ní òun ló wà nínú eegun àti eyín gbogbo wa, pé àwọn dókítà òkè òkun fi ń dí eegun tó bàjẹ́, pé ó ń yọ májèlé kúrò nínú omi, pé bí òun bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí oògùn oníhóró, tí òun so wáyà mọ́ ọn, á máa gbóòórùn ohun tí imú èèyàn ò gbọ́. Mo ní ó dáa, kó gbóòórùn ọbẹ̀ mi tó ń jóná níbi tí mo ti ń wá ọlọ kiri!

Bàbá mi bínú, wọ́n ta iyán nù. Ọkọ mi wá fẹ́ tù wọ́n nínú. Ìyá Adéṣọlá, ẹ̀rọ agbóòórùn tó fi eegun ṣe yẹn ló gbé wá sí pálọ̀! Ó ní bí òórùn ọtí bá kàn án, abẹ́rẹ́ ojú mítà á fò. Ó na òwú tó rẹ sínú sípíríìtì sí i, abẹ́rẹ́ fò lóòótọ́, bàbá mi pàtẹ́wọ́. Mo ní ìjà ti parí. Ó ju òwú síta, abẹ́rẹ́ padà sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Bàbá mi wá tẹ orí sún mọ́ ọn kí wọ́n lè rí i dáadáa, wọ́n ní, “Haà! Ọlọ́run tóbi!”

Abẹ́rẹ́ fò, ó lẹ̀ mọ́ òpin!

Ẹ wo ọkùnrin tó kàwé títí tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́! Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mí sí i.” Bàbá ìyàwó rẹ̀! Díákónì tó ń bá ọtí jà látìgbà tí mo ti gbọ́njú! Bàbá mi ní àgbo ikọ́ làwọn mu. Ọkọ mi ní àgbo náà mà le ju sípíríìtì lọ o!

Wọ́n wọ bàtà, ó di ibùdókọ̀ Ìwó Road, wọn ò wẹ̀yìn wo Olúkẹ́mi ọmọ mi tó ń ké tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní àwọn ò tẹ ilé mi mọ́ láyé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá lánàá, ó ní kí n palẹ̀ ẹrù mọ́.

Kí lẹ wí? Pé ṣé wọ́n mu ọtí àbí wọn ò mu ún? Èwo ló kan eegun níbẹ̀! Màlúù tó ti kú ni yóò máa rojọ́ mọ́ àgbàlagbà lẹ́sẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ mú àbúrò yín lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kó má sì gbé ẹ̀rọ kankan dání!

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò tíì sọ èyí tó burú jù. Ìyá mi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní bí àna àwọn bá ń bọ̀ wá tọrọ àforíjì, kó má mú obì, kó má mú iṣu, ẹ̀rọ yẹn nìkan ni kó gbé wá, torí àwọn díákónì yòókù ń bọ̀ wá ṣèpàdé nílé wa, gbogbo ìyàwó wọn ló sì ti ní àwọn á... àwọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí kálukú máa mí sí i kó tó wọlé... Yéè! Ẹ gbà mí, ẹ̀rín fẹ́ pa mí o!