Jíìpù Tí Iwájú Rẹ̀ Ń Bá Ẹ̀yìn Jà

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Okùn ló kù. Wọ́dà tó ń gbé oúnjẹ wá kì í wo ojú mi mọ́, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Mẹkáníìkì ni mí ní Ajára. Láyé àwọn ṣọ́jà, nígbà tí ìlú le koko tí kò sẹ́ni tó ń rí pátì ọkọ̀ tuntun rà, jíìpù tèmi dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, koríko bò ó. Gíà ìdí rẹ̀, èyí tó ń yí táyà ẹ̀yìn, ló fọ́. Lọ́jọ́ kan, Mautin ọ̀rẹ́ mi gbé jíìpù ọ̀gá rẹ̀ wá, èyí tó fi ń kó ẹja ní etíkun, kí n tún bíréèkì rẹ̀ ṣe. Irú tèmi gan-an ni. Ojú mi wọ gíà ìdí rẹ̀. Mo tú u, mo gbé e sínú tèmi, mo wá ògbólógbòó gíà kan tí wọ́n kó wá láti Kútọnu fi dí ojú ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé kò bá gíà tó ń yí táyà iwájú mu. Eyín wọn ò dọ́gba: bí táyà iwájú bá yí lẹ́ẹ̀kan, ti ẹ̀yìn á fẹ́ yí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n orí iyanrìn la máa ń dán jíìpù wò níbí, táyà a sì máa yọ̀ lórí iyanrìn, kì í jẹ́ kéèyàn fura. Mautin wà á lọ, wà á bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ ẹ dáa o!" ló wí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ojú ò tì mí.

Ìgbà tó gun ojú ọ̀dà ló fura. Ó wa jíìpù náà wá bá mi ní etíkun níbi tí mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe.

"Mo gbé e sórí jáàkì, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà, mo yí i. Gíà ibòmíì lo fi sí i."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ojú mi ni. Dá a padà kílẹ̀ tó ṣú, n ò ní sọ fún ọ̀gá mi. Bí o bá kọ̀, àwọn ṣọ́jà ló máa bi ẹ́."

Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní èṣù ló tì mí. Èmi fúnra mi ni mo gbé ọ̀pá jáàkì, mo sì là á mọ́ ọn lórí.

Ó ṣubú, ṣùgbọ́n ó ń mí. "Gbé mi lọ sílé ìwòsàn," ló wí. "N ò ní sọ." Kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí, mo gbé e sínú jíìpù ọ̀gá rẹ̀. Mo ki táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ iṣẹ́ kí a lè jáde nínú iyanrìn. A dé ojú ọ̀dà, mo ní kí n yọ táyà iwájú kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pá gíà ò jáde. Iwájú ń bá ẹ̀yìn jà, táyà ń han gooro. Mo fà á títí ọwọ́ mi fi bó. Nǹkan fọ́ gbàù lábẹ́ wa, ọkọ̀ dúró. Mò ń wo òrùlé ilé ìwòsàn lọ́ọ̀ọ́kán.

"Kí ló dé tá a dúró?" Mautin bi mí.

Kí àwọn ṣọ́jà ojú ọ̀nà tó sáré dé, ó ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Háà, Mautin! Ọ̀rẹ́ mi!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, bí ẹ bá ti mú ohun tí kì í ṣe tiyín, ẹ má dúró kí olóhun tó wá bá yín. Ẹ lọ bá a. Ẹ jẹ́ kó bú yín, ẹ jẹ́ kó nà yín. Gíà yẹn ṣì wà nínú jíìpù mi ní Ajára, ọ̀sán kan péré ni ǹ bá fi tú u. Ẹ dá a padà kílẹ̀ tó ṣú.