Ṣé Ògiri Ló Yáwó Lọ́wọ́ Yín?

[Aránṣọ ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà, ní ṣọ́ọ̀bù. Fóònù dún títí kó tó gbé e. Ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó.]

BỌ̀DÁ: Hẹ́lò! Ta nìyẹn?

ARÁNṢỌ: Èmi ni, Bọ̀dá. Ẹ káàsán o. Ẹ kú iṣẹ́.

BỌ̀DÁ: Óò, kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́?

ARÁNṢỌ: Wọ́n wà níléèwé. Ìyàwó yín ńkọ́?

BỌ̀DÁ: Ó wà. Ó ní ọrùn ń dun òun láti—

ARÁNṢỌ: Ẹ bá mi kí i. Bọ̀dá, rìsíìtì ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ọwọ́ yín ló wà, àbí?

BỌ̀DÁ: Rìsíìtì? Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o fẹ́ tà á ni?

ARÁNṢỌ: Mi ò ta nǹkan kan. Ẹ kàn bá mi wò ó bóyá ó wà nítòsí.

BỌ̀DÁ: Ó wà nínú agolo bísíkíìtì tí mò ń kó ìwé sí. Ṣùgbọ́n— [ẹ̀rọ ké] —o ò lè forí ṣe fọrùn ṣe kó o tó ra ẹ̀rọ, kó o wá tà á lẹ́yìn ọdún méjì. Ṣé o gbọ́ mi?

ARÁNṢỌ: Mo ní mi ò tà á! Orí ẹ̀ gan-an ni mo jókòó lé.

BỌ̀DÁ: Orí kí ni?

ARÁNṢỌ: Orí ẹ̀rọ! Mo gun tábìlì ẹ̀, mo jókòó, mo dì í mú.

BỌ̀DÁ: Kí ló dé? Ṣé eku ni?

ARÁNṢỌ: Eku ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ.

[Ẹ̀rọ pákó dákẹ́.]

BỌ̀DÁ: Àwọn wo ló fẹ́ gbé e lọ?

ARÁNṢỌ: Àwọn agbowó gbèsè Onífọ́tò.

BỌ̀DÁ: Onífọ́tò wo?

ARÁNṢỌ: Onífọ́tò tó ń gbé ilé yìí kí n tó kó dé! Èyí tí lẹ́tà ẹ̀ ń rọ̀ bí òjò. Ṣebí mo ti sọ fún yín. Méjì ni wọ́n. Ọ̀kan wà nídìí ọkọ̀ lójú títì, ó ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀. Èkejì dúró síwájú mi níbí pẹ̀lú bébà, ó ti kọ gbogbo ohun tó fẹ́ kó. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Áyọ́ọ̀nù kan. Fáànù kan. Bọ̀dá, ó kọ dígí táwọn kọ́sítọ́mà fi ń wo ara wọn!

BỌ̀DÁ: O sì jẹ́ kó wọlé?

ARÁNṢỌ: Mo rò pé ó wá rán aṣọ ni. Ó kí mi dáadáa. Mo tilẹ̀ ti mú téèpù, mo fẹ́ wọn èjìká ẹ̀.

BỌ̀DÁ: Háà.

ARÁNṢỌ: Èjìká ọ̀hún ò sì dọ́gba.

BỌ̀DÁ: Má bú wọn o! Fohùn jẹ́jẹ́. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe.

ARÁNṢỌ: Ẹ̀bẹ̀ kí ni? Ta ló jẹ wọ́n? Lẹ́tà mẹ́tàdínlógún, Bọ̀dá! Àkọ́kọ́ dé kí n tó so kọ́tìnnì. Mo kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ẹni yìí ò gbé ibí mọ́, mo dá a padà sí pósítọ́fíìsì. Òmíràn dé, mo dá a padà. Mo tún fẹsẹ̀ mi rìn lọ sí ọ́fíìsì wọn. Obìnrin kan jókòó níbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà, ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ibo ló kọ ọ́ sí? Orí omi?

BỌ̀DÁ: —ń já. Ohùn rẹ ń já. Ṣé o gbọ́ mi?

ARÁNṢỌ: Mo gbọ́ yín. Ọkùnrin tó mú bébà yìí ń sọ pé ìyàwó Onífọ́tò ni mí.

BỌ̀DÁ: Ìyàwó kẹ̀?

ARÁNṢỌ: Èmi tí mi ò rí ojú ọkùnrin náà rí! Wọ́n ti fi mí fọ́kọ, mi ò gbọ́ sí i. Ká ní wọ́n tilẹ̀ bi mí ni, ǹ bá ní kí wọ́n fún mi ní ẹni tó ń san gbèsè ẹ̀.

BỌ̀DÁ: Gbọ́, gbọ́, gbọ́. Èló ni wọ́n ń pè? Bá a bá fún wọn ní díẹ̀ báyìí, wọ́n máa lọ. Jẹ́ kí n fi ránṣẹ́—

ARÁNṢỌ: Rárá.

BỌ̀DÁ: Díẹ̀ ni mo wí. Kí wọ́n ṣáà lè—

ARÁNṢỌ: Rárá o! Yúnífọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì méjìlélógún ló wà nílẹ̀ níbí, ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Mẹ́sàn-án ò tíì ní apá. Bí ẹ̀rọ yìí bá kúrò ńlẹ̀, ṣé eyín ni kí n fi rán an?

BỌ̀DÁ: Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn! Jẹ́ ká wá nǹkan fún wọn kí wọ́n—

ARÁNṢỌ: Bọ̀dá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Mo já lẹ́tà kan láàárọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé kò dáa kéèyàn máa já lẹ́tà onílẹ́tà, ṣùgbọ́n wọ́n fi bíírò pupa kọ FINAL NOTICE sí i lára, ara mi ò gbà á. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀? Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Onífọ́tò! Wọ́n ní ó ti san díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní àdírẹ́sì yìí, nítorí náà àwọn mọ̀ pé ibí ló ṣì ń gbé. Onífọ́tò ti kó lọ láti ọdún méjì. Ta ló ń sanwó nílé mi?

[Òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá.]

ARÁNṢỌ: Bọ̀dá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BỌ̀DÁ: Nẹ́tíwọ̀kì yìí—

ARÁNṢỌ: Nẹ́tíwọ̀kì ò ṣe nǹkan kan. Ta ló sanwó?

BỌ̀DÁ: ...Èmi ni.

ARÁNṢỌ: Ẹ̀yin kẹ̀?

BỌ̀DÁ: Ọjọ́ tí mo wá tún ilẹ̀kùn rẹ ṣe, tó o lọ ra òwú. Wọ́n dé. Wọ́n ń pariwo, àwọn aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé. Mo ní kí wọ́n má dójú tì ẹ́. Mo kó ohun tó wà lápò mi fún wọn. Nígbà tó di oṣù kejì, wọ́n pè mí, mo tún pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ, mo fi díẹ̀ kún un.

ARÁNṢỌ: Ẹ ò sì sọ fún mi!

BỌ̀DÁ: Mo rò pé wọ́n á lọ ni.

ARÁNṢỌ: Ẹ ju eegun sájá, ẹ wá rò pé kò ní padà wá!

BỌ̀DÁ: O ò mọ̀. O ṣì kéré nígbà yẹn.

ARÁNṢỌ: Ìgbà wo?

BỌ̀DÁ: Ọjọ́ tí wọ́n wá kó ẹrù Bàbá. Ẹ̀yìn Màámi lo wà. Gbèsè ẹlòmíì ni, Bàbá kàn ṣe onídùúró fún un ni. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní kí Bàbá dìde lórí àga, Bàbá dìde, wọ́n gbé àga. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fọwọ́ pa mí lórí, ó ní ọmọ dáadáa ni mí. Àtìgbà yẹn, bí mo bá ti gbọ́ tí ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn gbà-gbà-gbà, ọwọ́ mi á ti wà nínú àpò.

[Ẹnì kan wúkọ́ nítòsí Aránṣọ.]

ARÁNṢỌ: Ẹ ò sọ èyí fún mi rí.

BỌ̀DÁ: Kí ni mo fẹ́ sọ nínú ẹ̀?

ARÁNṢỌ: Ẹ pẹ̀lẹ́, Bọ̀dá. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Ṣùgbọ́n èmi ò ní dìde fún wọn. Owó tẹ́ ẹ san yẹn, ṣé wọ́n fún yín níwèé?

BỌ̀DÁ: Wọ́n fún mi. Inú agolo kan náà ni mo kó wọn sí. Dúró ná. [agolo dún, ìwé ń dún wàrà-wàrà] Òun nìyí. Rìsíìtì ẹ̀rọ rẹ náà rèé.

ARÁNṢỌ: Orúkọ ta ni wọ́n kọ sí ti owó?

BỌ̀DÁ: "Ẹni tó sanwó"... orúkọ mi ni. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, mo sì buwọ́ lù ú.

ARÁNṢỌ: Kì í ṣe orúkọ Onífọ́tò?

BỌ̀DÁ: Ṣé orúkọ olórúkọ ni kí n máa fi buwọ́ lùwé ni? Káfíńtà ni mí, èmi kì í ṣe olè.

ARÁNṢỌ: Ó ti parí! Ẹ dúró, mo fẹ́ fi yín sí speaker. Ẹ̀yin lẹ máa bá a sọ ọ́.

BỌ̀DÁ: Èmi? Rárá o, má—

ARÁNṢỌ: Ẹ ti wà lórí ẹ̀. Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi rèé. Ẹ sún mọ́ ibí, mi ò ní sọ̀kalẹ̀.

[Ohùn ọkùnrin kan wọlé.]

AGBOWÓ: Hẹ́lò, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bá madam sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wa là ń ṣe. Àdírẹ́sì yìí ló wà lórí ìwé wa.

ARÁNṢỌ: Àdírẹ́sì! Ṣé ògiri ló yáwó lọ́wọ́ yín? Bó bá jẹ́ ògiri ni, ẹ gbé ògiri lọ!

AGBOWÓ: Madam, ẹ jẹ́ n—

ARÁNṢỌ: Ẹ gbé e ná. Àbí ó wúwo?

BỌ̀DÁ: Ọ̀gá... ẹ káàsán, sà.

AGBOWÓ: Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ti sanwó níbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá san nínú gbèsè, ó ti gbà pé òun jẹ ẹ́ nìyẹn.

BỌ̀DÁ: Èmi ni mo san án.

AGBOWÓ: Ẹ̀yin ni Onífọ́tò?

BỌ̀DÁ: Rárá. Bí mo bá ya èèyàn ní fọ́tò, orí onítọ̀hún kì í wọ inú ẹ̀. Káfíńtà ni mí. Ẹ wo ẹ̀dà rìsíìtì owó náà nínú ìwé yín. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́.

[Ìwé ń dún.]

BỌ̀DÁ: Ṣé ẹ ti rí i?

AGBOWÓ: Mo rí i. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ló rán wa pé—

BỌ̀DÁ: Ìwé kóòtù ńkọ́?

AGBOWÓ: Lẹ́tà ọ́fíìsì wa ni mo mú—

BỌ̀DÁ: Kóòtù ni mo wí. Ilé ẹjọ́. Níbi tí adájọ́ ń jókòó sí. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

AGBOWÓ: ...Kò sí, sà.

BỌ̀DÁ: Kò sí! Ẹ wọlé tọ obìnrin láìgba ìwé lọ́wọ́ adájọ́, ẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ tí rìsíìtì ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi níbí, tí orúkọ àbúrò mi wà lára ẹ̀ gàdàgbà? Olè lorúkọ ìyẹn. Owó tí mo san lẹ́ẹ̀mejì yẹn gan-an, mò ń bọ̀ wá gbà á ní ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ Ajé. Ẹ sọ fún ìyá ẹlẹ́pà yẹn kó bá mi pa á mọ́!

[Ẹ̀rín àwọn obìnrin bíi mélòó kan.]

BỌ̀DÁ: Ta ló ń rẹ́rìn-ín?

ARÁNṢỌ: Àwọn aládùúgbò ni. Wọ́n ti kún ẹnu ọ̀nà. Ẹ máa wọlé o, ẹ wá ṣẹlẹ́rìí!

AGBOWÓ: Madam, kò le tó báyìí. A ti ń lọ.

ARÁNṢỌ: Ẹ ò tíì lọ. Bíírò rèé. Ẹ fagi lé ẹ̀rọ. Ẹ fagi lé áyọ́ọ̀nù. Fáànù. Dígí. Ẹ wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Onífọ́tò ò gbé ibí mọ́, àti pé obìnrin tó ń gbé ibí ò jẹ yín ní nǹkan kan.

AGBOWÓ: Ọ̀gá wa ò ní—

ARÁNṢỌ: Ẹ kọ ọ́. Mo lè jókòó síbí di ọ̀la.

BỌ̀DÁ: Ṣé ó ń kọ ọ́?

ARÁNṢỌ: Ó ń kọ ọ́. Ẹ kọ déètì sí i. Ẹ buwọ́ lù ú. Ó dáa. Ó ku tèmi.

AGBOWÓ: Mi ò ní bébà míì tí mo lè kọ ọ́ sí.

ARÁNṢỌ: Bébà tí mo fi ń gé pátánì pọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ ya kan, kẹ́ ẹ tún un kọ.

[Bébà ya. Ó pẹ́ díẹ̀. Ẹsẹ̀ ń lọ. Wọ́n pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé, ọkọ̀ ṣí lọ.]

BỌ̀DÁ: Wọ́n ti lọ?

ARÁNṢỌ: Wọ́n ti lọ. Wọn ò rí abẹ́rẹ́ mú.

BỌ̀DÁ: Ṣé o gbọ́ bí mo ṣe bá a sọ̀rọ̀?

ARÁNṢỌ: Gbogbo àdúgbò gbọ́! Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, ẹ má sanwó kankan nítorí mi mọ́ láìsọ fún mi.

BỌ̀DÁ: Mo ti gbọ́.

ARÁNṢỌ: Kódà bí wọ́n fẹ́ fọ́ ilẹ̀kùn.

BỌ̀DÁ: Mo ní mo ti gbọ́. [nẹ́tíwọ̀kì ń já] —ìwọ náà o. Orí ẹ̀rọ! Ẹ̀rù ò tilẹ̀ bà ẹ́ ni? Ṣé o gbọ́ mi?

ARÁNṢỌ: Ẹ̀rù bà mí, Bọ̀dá! Látìgbà tó ti mú bébà yẹn jáde ni orúnkún mi ti ń gbọ̀n. Ṣé ẹ rò pé agídí nìkan ni ò jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀? Ẹsẹ̀ ò gbé mi ni!

BỌ̀DÁ: [ń rẹ́rìn-ín] Kò sì rí i?

ARÁNṢỌ: Ibo ló ti fẹ́ rí i? Síkẹ́ẹ̀tì gígùn ni mo wọ̀! Títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń—

[Ìlà já.]