Ìran Tí Mo Gé Kúrò Nínú Fíìmù Àwọn Òkú

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tu ú síta lónìí kí n lè mí. Èmi ni mo ń tan ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù sára aṣọ funfun nílé sinimá àdúgbò wa. Fíìmù àtijọ́ kan wà tí kì í sú èrò: àwọn òkú jí, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n ń jẹ ènìyàn. Àwọn olówó sá sínú ilé ńlá, wọ́n tilẹ̀kùn gbọin. Ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, ẹni tí kò tíì kú, ń kan ilẹ̀kùn, ó ń pè wọ́n lórúkọ. Wọ́n wo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó dọ̀tí, wọ́n ní òkú ni. Wọn ò ṣí i. Kété lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti olólùfẹ́ rẹ̀ yè bọ́, wọ́n sì fẹnu kora wọn lẹ́nu. Èmi tí ìwé ìtàn ìfẹ́ tọ́ dàgbà! Ìfẹnukonu yẹn ni mo fẹ́; ọmọ ọ̀dọ̀ náà ń ba adùn rẹ̀ jẹ́. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé ìran ọmọ ọ̀dọ̀ náà kúrò, mo lẹ fíìmù pọ̀. Ìkà èmi.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó tọ́ mi, ilé onílé ló ti ń fọ abọ́ láti kékeré. Ó ti wo fíìmù náà kí n tó gé e, ó sì sunkún. Ló bá kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ wá, ó ní kí wọ́n wá wo ara wọn. Fíìmù parí, ọmọ ọ̀dọ̀ ò yọjú.

"Àbí ojú oorun lo ti rí i?" ni ọ̀kan wí. Òmíràn ní, "Ọ̀rẹ́ wa ti ń ṣarán o!" Wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

Àǹtí yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ìwọ lo ń tan ẹ̀rọ. Ṣé ó wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

Mo wo ojú ẹni tó tọ́ mi, mo ní, "Kò síbẹ̀ rí, Àǹtí. Ẹ ti gbàgbé ni."

Láti ìgbà náà ni kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bó bá fiyọ̀ sọ́bẹ̀ tán, á bi mí bóyá òun ti fi í. Ìyẹn ló gún mi lọ́kàn. Mo lẹ ìran náà padà, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Ó ní, "Nítorí ìfẹnukonu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọkọ tó máa fẹ́ ọ á rí nǹkan!" Ẹ̀rín pa á, omijé ń bọ́. "Orí mi wá pé, àbí?"

"Ó pé, mà."

Ọkàn mi balẹ̀ báyìí. Mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe àwọn òkú ni fíìmù náà ń bá wí, àwọn tó wà nínú ilé ni. Ẹ dákun, ẹ bá mi bẹ Àǹtí sí i. Ẹ̀yin ọmọge ẹgbẹ́ mi, ẹ máa fẹ́ràn ìfẹ́ lọ, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá sọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, ẹ má sọ fún un pé kò rí i.